Ère Ìsáǹsá Tí Kò Lórúkọ

  

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kà lónìí dá lórí ère kan. Wọ́n gbé ère náà kalẹ̀ ní ọdún 1967 ní Port-au-Prince, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Háítì. Ilẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú ni Háítì. Ó wà ní erékùṣù kan ní ìsàlẹ̀ Amẹ́ríkà, kò jìnnà sí Kúbà. Òkun ńlá ló wà láàárín àwa àti àwọn. Síbẹ̀, bí a bá ka ẹ̀kọ́ yìí dé òpin, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa rárá.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó bá pàdé

Erékùṣù: ilẹ̀ tí omi yí ká.
Ìsáǹsá: ẹni tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí ó mú un sìn.
Ṣẹkẹṣẹkẹ: irin tí a fi ń de ẹrú tàbí ẹlẹ́wọ̀n lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀.
Ìkarahun: ilé ìgbín. Èyí tí a ń sọ níhìn-ín ni ti ìgbín inú òkun. Ó tóbi, ó sì lè dún bíi fèrè bí a bá fọn ọ́n.
Iṣan: okùn inú ẹran ara tí ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ lè ṣiṣẹ́.

1. Ẹ jẹ́ kí á wo ère náà

Ère ọkùnrin kan ni. Idẹ ni wọ́n fi ṣe é. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 3.60, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2.40. Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìhòòhò. Ó fi orúnkún ọ̀tún kúnlẹ̀, ó na ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn gbọọrọ. Ṣẹkẹṣẹkẹ wà ní ọrùn ẹsẹ̀ òsì náà, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n tí ó so mọ́ ọn ti já. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di àdá mú nílẹ̀. Ọwọ́ òsì gbé ìkarahun sí ẹnu. Ó gbé orí sẹ́yìn, ó kọjú sí ọ̀run, ó ń fọn ìkarahun náà.

Ní èdè Faransé, orúkọ ère náà ni Le Marron Inconnu. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ìsáǹsá Tí A Kò Mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Háítì ń pè é ní Nèg Mawon ní èdè Kreyòl, tí í ṣe èdè tí gbogbo wọn ń sọ nílé. Ẹ jẹ́ kí á yẹ orúkọ yìí wò. Lẹ́nu wọn, “nèg” kò ju “ọkùnrin” lọ. “Mawon” wá láti inú ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ará Sípéènì fi ń pe ẹran ọ̀sìn tí ó já okùn, tí ó wọ igbó lọ. Nígbà tí ẹrú bá sá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe màlúù tí ó já náà ni wọ́n fi ń pe ènìyàn. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe kà wọ́n sí!

Ẹnì kan lè béèrè pé, “Ta wá ni ọkùnrin yìí? Ṣé ọba ni, àbí balógun?” Kì í ṣe ọba, kì í ṣe balógun. Kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ère rẹ̀, ìdí rẹ̀ náà sì nìyẹn tí àwa fi mú un wá sínú ìwé yìí.

2. Bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀

Ní ọdún 1492, Christopher Columbus gúnlẹ̀ sí erékùṣù náà. Àwọn ará Sípéènì gba ilẹ̀. Àwọn onílẹ̀ tí wọ́n bá níbẹ̀ kú lọ bẹẹrẹ nítorí iṣẹ́ àṣekúdórógbó, ogun àti àìsàn. Ní ọdún 1697, apá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn Faransé. Wọ́n sọ ọ́ ní Saint-Domingue.

Àwọn Faransé gbin ìrèké, kọfí, òwú àti ẹ̀lú. Owó tí ó ń ti ibẹ̀ wá pọ̀ ju ti ilẹ̀ òkèèrè yòówù tí wọ́n ní lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe iṣẹ́ náà? Ẹrú ni. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1789, àwọn ẹrú tó bí 500,000. Àwọn òyìnbó tí ó wà níbẹ̀ kò tó 50,000.

Iṣẹ́ ìrèké kì í ṣe eré. Lọ́sàn-án wọ́n ń gé ìrèké nínú oòrùn. Nígbà ìkórè, ẹ̀rọ tí ń fún omi ìrèké kì í sinmi lóru, ẹni tí oorun bá sì gbé nídìí rẹ̀ lè pàdánù ọwọ́. Àwọn ènìyàn ń kú ju bí wọ́n ti ń bímọ lọ. Ó rọ ọ̀pọ̀ olóko lọ́rùn láti ra ẹrú tuntun ju kí wọ́n tọ́jú èyí tí wọ́n ní lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi kò ṣe dáwọ́ dúró.

Níbo ni wọ́n ti ń kó wọn? Láti Kóńgò, láti etíkun Guinea, àti láti ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ ọkọ̀ ní Ouidah, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Dàhòmì nígbà kan, tí ó ti di orílẹ̀-èdè Benin báyìí. Àwọn kan wọkọ̀ ní Àjàṣẹ́, àwọn kan ní Badagry. Nínú wọn ni àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá wà. Àwọn Faransé ń pè wọ́n ní Nago. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ànàgó ni.

A kò gbọdọ̀ tan ara wa jẹ. Òyìnbó kọ́ ló wọ igbó lọ mú gbogbo wọn. Ogun tí a ń bá ara wa jà àti ìjínigbé ló kó púpọ̀ nínú wọn, àwọn ọba àti àwọn oníṣòwò dúdú ló sì tà wọ́n ní etíkun. Òyìnbó rà, àwa náà tà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìtàn, kí ó kà á tán.

Àwọn àgbà wa máa ń pa òwe kan pé: “Ẹrú kú, ìyá rẹ̀ kò gbọ́, ọmọ kú, igbe ta. Ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀.” Bí a bá ń ka ẹ̀kọ́ yìí, kí á fi òwe náà sọ́kàn.

3. Òfin etí àti iṣan ẹsẹ̀

Nígbà tí ìyà bá pọ̀ jù, ènìyàn a sá. Àwọn kan a sá fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn a padà. Àwọn kan a sá lọ sórí òkè, wọn a dá abúlé sílẹ̀ nínú igbó dídí, wọn a máa gbin oúnjẹ wọn. Àwọn ìsáǹsá tí à ń sọ nìyẹn.

Ní ọdún 1685, ọba Faransé, Louis kẹrìnlá, fọwọ́ sí òfin kan lórí ọ̀rọ̀ ẹrú. Code Noir ni wọ́n ń pe òfin náà. Ẹ gbọ́ ohun tí ó sọ nípa ìsáǹsá. Bí ẹrú bá sá tí ó pé oṣù kan, kí wọ́n gé etí rẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n sì fi irin gbígbóná sàmì sí i ní èjìká kan. Bí ó bá tún sá lẹ́ẹ̀kejì tí ó pé oṣù kan, kí wọ́n gé iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì sàmì sí èjìká kejì. Bí ó bá sá lẹ́ẹ̀kẹta, kí wọ́n pa á.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Òfin náà sọ ìyà ẹ̀ẹ̀kejì. Ó sọ ìyà ẹ̀ẹ̀kẹta. Àwọn tí ó ṣe òfin mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ti gé létí yóò tún sá. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ti gé ní iṣan ẹsẹ̀ yóò tún gbìyànjú. Ìwé òfin àwọn olówó ẹrú fúnra wọn ló jẹ́rìí sí i pé ènìyàn kò fẹ́ ṣe ẹrú.

Ẹ wá padà wo ẹsẹ̀ òsì ère náà. Ó nà án gbọọrọ. Iṣan rẹ̀ le, ó yọ lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí òfin fẹ́ sọ di arọ ni ó nà sí ojú ọ̀nà kí gbogbo ayé rí i.

4. Ìsáǹsá nínú ìwé ìròyìn

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí kan àwa tí a ń kọ́ ìwé gan-an.

Láti ọdún 1766 ni ìwé ìròyìn kan ti wà ní Saint-Domingue tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Affiches américaines. Bí ẹrú bá sá, olówó rẹ̀ a lọ san owó kí wọ́n kéde rẹ̀ sínú ìwé náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìkéde bẹ́ẹ̀ wà tí àwọn onímọ̀ ìtàn ń kà títí di òní. Kí ló máa ń wà nínú rẹ̀? Orúkọ tí olówó fún ẹrú. Ẹ̀yà rẹ̀: Kóńgò, Arada, Nago. Bí ó ti ga tó. Àpá ara rẹ̀. Lẹ́tà orúkọ olówó tí wọ́n fi irin gbígbóná tẹ̀ sí i láyà. Lẹ́yìn náà, ibi tí ẹni tí ó bá rí i yóò mú un lọ.

Àwọn ará wa wà nínú ìwé yẹn. Ó hàn pé “Nago” ni. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ kò sí níbẹ̀. Oríkì rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìlú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìdí tí ó fi sá kò sí níbẹ̀. Olówó rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n kọ, ohun tí olówó fẹ́ rí gbà padà nìkan ni olówó kọ. Bí ẹni tí ó sọ ewúrẹ́ nù ti ń kéde ewúrẹ́ ni.

Ṣé ẹ wá rí ìdí tí ère náà fi ń jẹ́ “Ẹni Tí A Kò Mọ̀”? Kì í ṣe pé kò ní orúkọ. Ó ní. Àwọn tí ó ní kálàmù lọ́wọ́ ni kò béèrè.

5. Ìró tí ó dún lóru

Nínú àwọn ìsáǹsá, díẹ̀ ni a mọ̀. Ọ̀kan ni Makandal. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìrèké ló gé e lọ́wọ́ kí ó tó sá lọ. Ó mọ ewé, ó mọ egbò, ó sì ń kó àwọn ẹrú oko oríṣiríṣi jọ ní ìkọ̀kọ̀. Ní ọdún 1758 ni ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì dáná sun ún ní gbangba ní ìlú Cap-Français.

Bí wọ́n ti pa á tó, ọ̀rọ̀ náà kò kú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1791, àwọn ẹrú pàdé lóru ní ibi tí a ń pè ní Bois Caïman, wọ́n bọ, wọ́n sì mulẹ̀. Boukman ni aṣáájú wọn. Ní òru ọjọ́ 22 oṣù náà, ogun bẹ̀rẹ̀. Iná sọ ní oko ìrèké kan, ó sọ ní òmíràn. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún oko ti jóná.

Báwo ni àwọn tí kò ní lẹ́tà, tí wọn kò gbọdọ̀ pàdé lọ́sàn-án, ṣe ń pe ara wọn? Wọ́n ní ìlù. Wọ́n sì ní ìkarahun òkun. Lanbi ni wọ́n ń pè é. Bí a bá fọn ọ́n lórí òkè, ìró rẹ̀ a dé àfonífojì. Lóde òní pàápàá, àwọn apẹja Háítì máa ń fọn lanbi láti fi sọ fún ará ìlú pé ẹja ti dé.

Ọ̀rọ̀ gùn, àwa yóò gé e kúrú. Toussaint Louverture, ẹni tí wọ́n bí sí oko ẹrú, di ọ̀gágun wọn. Òun mọ̀wé kà, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n láàárín wọn, ó sì mọ bí a ṣe ń fi lẹ́tà ṣe ọ̀rọ̀ ìlú. Ní ọdún 1794, ìjọba Faransé kéde pé oko ẹrú ti parí ní gbogbo ilẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1802, Napoleon kó ọmọ ogun ránṣẹ́ láti gba ilẹ̀ náà padà. Wọ́n fi ẹ̀tàn mú Toussaint, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n lórí òkè tútù kan ní Faransé. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní oṣù kẹrin ọdún 1803. Nígbà tí àwọn tí ó kù gbọ́ pé Napoleon ti dá oko ẹrú padà ní erékùṣù Guadeloupe, wọ́n mọ ohun tí ń bọ̀. Jean-Jacques Dessalines kó wọn jọ. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1803, wọ́n ṣẹ́gun Faransé ní Vertières. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1804, wọ́n kéde òmìnira. Wọ́n pa orúkọ Saint-Domingue tì, wọ́n mú orúkọ tí àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ ń pe ilẹ̀ wọn: Ayiti, ilẹ̀ olókè.

Kò tíì sí ibòmíràn láyé tí àwọn ẹrú ti fi ọwọ́ ara wọn gba òmìnira, tí wọ́n sì dá orílẹ̀-èdè sílẹ̀ tí ó dúró. Wọ́n sì san owó lé e lórí. Ní ọdún 1825, Faransé kó ọkọ̀ ogun wá, wọ́n ní kí Háítì san 150 mílíọ̀nù fráǹkì fún àwọn olóko tí ó pàdánù ilẹ̀ àti ẹrú. Ní ọdún 1838, wọ́n dín in kù sí 90 mílíọ̀nù. Ẹ gbọ́ o: ẹni tí a jí gbé ni wọ́n ní kí ó san owó orí ara rẹ̀ fún ẹni tí ó jí i. Gbèsè tí wọ́n ń yá láti fi san án kò tán títí di ọdún 1947.

6. Ẹni tí ó ṣe ère náà

Albert Mangonès ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọdún 1917, ó kú ní ọdún 2002. Ọmọ Háítì ni. Ó kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, ó sì parí rẹ̀ ní ọdún 1942. Nígbà tí ó padà sílé, ó wà lára àwọn tí ó dá Centre d’Art sílẹ̀ ní Port-au-Prince ní ọdún 1944. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ni. Níbẹ̀ ni ayé ti kọ́kọ́ mọ̀ nípa ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọnà Háítì, tí púpọ̀ nínú wọn kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rí.

Iṣẹ́ Mangonès mìíràn tún wà tí ó yẹ kí á mẹ́nu bà. Lẹ́yìn òmìnira, Henri Christophe kọ́ odi ńlá kan sórí òkè ní àríwá, nítorí ìbẹ̀rù pé Faransé yóò padà wá. Citadelle ni wọ́n ń pè é. Òjò àti ọdún bà á jẹ́. Ní ọdún 1979, wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti máa tọ́jú àwọn ohun àtijọ́ Háítì, Mangonès sì ni olórí rẹ̀. Àwọn ni wọ́n tún odi náà ṣe. Ní ọdún 1982, UNESCO kọ orúkọ odi náà mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo ayé.

Ẹni tí ó ń tún odi tí ọba kọ́ ṣe ni ó tún ṣe ère ẹni tí kò jọba. A rí i pé ó mọ̀ pé ìtàn méjèèjì ni ó ń jẹ́ ìtàn Háítì.

Ẹ jẹ́ kí á ka ère rẹ̀ bí a ti ń ka ìwé. Àdá ni irinṣẹ́ tí olówó fi lé ẹrú lọ́wọ́ kí ó máa fi gé ìrèké. Irinṣẹ́ náà ti yí padà, ó ti di ohun ìjà. Àwọn ará Háítì tí ó ń sin òrìṣà ṣì ń bọ Ògún. Ogou ni wọ́n ń pè é, ìdílé òrìṣà tí wọ́n kà á mọ́ sì ń jẹ́ Nago títí di òní. Àdá wà lára ohun tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lọ kò gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: kò gbé àdá sókè. Ilẹ̀ ni àdá wà. Ohun tí ó gbé sókè ni ìkarahun. Bí ìsáǹsá bá fẹ́ gba ara rẹ̀ là nìkan, a máa dákẹ́ ni, a máa fi ewé bo ara, a kì í jẹ́ kí ẹyẹ gbọ́. Ẹni tí ó bá fọn fèrè ti sọ ibi tí ó wà fún àwọn tí ń wá a. Ọkùnrin yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fọn ọ́n. Ó já ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ tán, ó kúnlẹ̀, ó ń pe àwọn tí ẹ̀wọ̀n tiwọn kò tíì já.

7. Ẹni tí ó ní kí wọ́n ṣe é

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó nìyí. A kò ní fò ó.

Ta ni ó ní kí wọ́n ṣe ère náà? Ààrẹ Háítì nígbà náà ni, François Duvalier. Ní ọdún 1957 ni ó dórí àlééfà. Ní ọdún 1964, ó sọ ara rẹ̀ di ààrẹ títí ọjọ́ ikú. Ó ní àwọn jàǹdùkú tí ó di ìhámọ́ra, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Tonton Macoute. Wọ́n ń gbé ènìyàn lóru. Ẹni tí wọ́n bá gbé lè má padà wálé mọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sá kúrò nílùú. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ní ìlú tí ère ìsáǹsá wà níwájú ààfin, àwọn ọmọ ìlú ń di ìsáǹsá lójoojúmọ́.

Duvalier fẹ́ kí wọ́n máa wí pé òun ni olùgbèjà ènìyàn dúdú. Ó fẹ́ fi ògo àwọn tí ó ti kú bo ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó wà láàyè. Irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n láyé. Olórí tí ó ń yin òmìnira àtijọ́ lè jẹ́ ẹni tí ń gba òmìnira òní lọ́wọ́ ènìyàn.

Ṣé kí á tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ pé ère náà kò dára? Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó san owó iṣẹ́ kò ní ìtumọ̀ iṣẹ́. Ère náà kò jọ Duvalier, kò ru orúkọ rẹ̀, kò sì bá a sọ̀rọ̀ dídùn. Ẹni tí ó bá ń jáde ní ààfin ni yóò rí ọkùnrin tí ó já ẹ̀wọ̀n, tí ó di àdá mú, tí ó ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ọba burúkú kan bá ronú jinlẹ̀, irú ère bẹ́ẹ̀ kọ́ ló yẹ kí ó gbé síwájú ilé ara rẹ̀.

Duvalier kú ní ọdún 1971. Ọmọ rẹ̀ jọba lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1986, àwọn ará ìlú lé ọmọ náà lọ.

8. Ọjọ́ tí ilẹ̀ mì

Ní ọdún 1989, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tẹ àwòrán ère náà sórí sítáǹbù lẹ́tà. Sítáǹbù náà wà fún abala kẹrin nínú ìwé ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn tí wọ́n kéde ní ọdún 1948, èyí tí ó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni lẹ́rú. Ìsáǹsá tí wọ́n ti kéde rí bí ẹran tí ó sọnù wá ń bá lẹ́tà káàkiri ayé.

Ní ọjọ́ 12, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2010, ilẹ̀ mì tìtì ní Háítì. Ilé wó lu ènìyàn nílé, ní ọjà, ní ilé ìwé. Àwọn tí ó kú kò níye, a sì sin ọ̀pọ̀ nínú wọn láìmọ orúkọ wọn. Ààfin funfun ńlá tí Duvalier jókòó sí wó. Ère ìsáǹsá tí ó wà nítòsí rẹ̀ kò wó. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ó ṣì wà lórí orúnkún, ìkarahun ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, àwọn tí kò nílé mọ́ sì pa àgọ́ yí i ká.

A kò sọ pé iṣẹ́ ìyanu ni. Idẹ tí ó sún mọ́lẹ̀ kì í tètè wó bí ilé gíga. Ṣùgbọ́n a gbà pé àwọn ará ìlú tí ó rí i lọ́jọ́ náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

9. Ohun tí a rí kọ́

Àkọ́kọ́, òmìnira kì í ṣe iṣẹ́ àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé nìkan. Toussaint kò lè dá jagun. Àwọn tí ó sá ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n gé létí, tí wọ́n gé ní iṣan, ni wọ́n la ọ̀nà.

Èkejì, ẹni tí kò bá kọ ìtàn ara rẹ̀, ọ̀tá rẹ̀ yóò bá a kọ ọ́. A rí i nínú ìwé ìròyìn àwọn olówó ẹrú. Èyí kò túmọ̀ sí pé aláìmọ̀ọ́kọ kò gbọ́n. Àwọn tí ó jagun gba Háítì, púpọ̀ nínú wọn kò mọ “a” yàtọ̀ sí “b”. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọn kò lè kọ ọ́, a ti pàdánù orúkọ wọn.

Ẹ̀kẹta, bí ẹnì kan bá já nínú ìgbèkùn, kí ó má dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, bóyá ọdún tí ó kọjá ni ẹ ṣì ń tẹ àtàǹpàkò síwèé, tí ẹlòmíràn ń bá yín ka lẹ́tà ọmọ yín. Lónìí ẹ̀ ń kà á fúnra yín. Ó kù kí ẹ wo ẹ̀yìn. Aládùúgbò yín kan wà tí ó ṣì ń tijú láti wá. Ẹ lọ pè é.

Ìbéèrè

1. Kí ni ọwọ́ ọ̀tún ère náà dì mú? Kí ni ó wà lẹ́nu rẹ̀?
2. Kí ni òfin ọdún 1685 sọ pé kí wọ́n ṣe fún ẹrú tí ó bá sá lẹ́ẹ̀kejì?
3. Àwọn wo ni àwọn Faransé ń pè ní Nago?
4. Kí ló fà á tí a kò fi mọ orúkọ àwọn ìsáǹsá?
5. Ní ọdún wo ni Háítì gba òmìnira? Ta ni ó kéde owó lé wọn lórí ní ọdún 1825?
6. Ṣé ó tọ́ kí á bọlá fún ère tí olórí burúkú ní kí wọ́n ṣe? Ẹ jíròrò rẹ̀ láàárín ara yín. Kí oníkálùkù sọ èrò rẹ̀.

Iṣẹ́ ilé

Ẹ mú ìwé àti kálàmù. Ẹ kọ orúkọ bàbá yín àti ti ìyá yín. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ti bàbá bàbá yín àti ti ìyá ìyá yín. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà tí ó ṣì wà láàyè, kí ẹ sì kọ ọ́ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.